Iná tí ó Tàn Fúnra Rẹ̀



Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò kí ọjọ́ tí àwọn ọmọ wa yóò gba Ara Olúwa fún ìgbà àkọ́kọ́ tó dé. Nígbà tí àlùfáà bá gbé Ara Olúwa sókè, tí gbogbo ìjọ sì kúnlẹ̀ ní ìdákẹ́rọ́rọ́, tí iná kámẹ́rà sì kọ mànà láti ẹ̀yìn, ẹni tí ó ni kámẹ́rà náà a máa wí pé, "Fada, ẹ má bínú, èmi kọ́, òun ni ó tàn fúnra rẹ̀." Òtítọ́ ni ó sọ. Ǹjẹ́ òtítọ́ náà ha dá a láre bí?

Kámẹ́rà kékeré ayé òde òní ní ipò kan tí wọ́n kọ "Auto" sí. Bí a bá fi í sí ipò yìí, òun tìkára rẹ̀ ni yóò wọn ìmọ́lẹ̀. Bí ibẹ̀ bá ṣókùnkùn, yóò tan iná rẹ̀ láìbi ẹni tí ó dì í mú. Kò mọ Mísà yàtọ̀ sí ọjà. Ṣùgbọ́n lára kámẹ́rà kan náà ni àmì mànàmáná tí a fi ìlà gé wà. Ẹni tí ó bá yan àmì náà ti pàṣẹ fún iná pé kí ó sinmi.

Tọ́màásì Mímọ́ ti Aquino gbé irú ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò ní ọ̀rúndún kẹtàlá. Ó ní bí ọkọ̀ ojú omi bá rì nítorí pé atukọ̀ dẹ́kun àti tù ú, atukọ̀ ni a ó ka rírì náà sí lọ́rùn, níwọ̀n bí ó ti lè tù ú, tí ó sì yẹ kí ó tù ú. Kò yẹ kí èyí ṣòro fún àwa ará Ìdógò, tí àwọn àgbà wa mọ ọkọ̀ ojú irin tí ó ń ti Ìfọ̀ gba Ìlaròó wá parí ìrìn rẹ̀ níhìn-ín: bí awakọ̀ bá sùn, a kì í bá irin wí. Ẹni tí ó ra kámẹ́rà lánàá, tí kò tí ì rí àmì náà rí, ẹ̀bi rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Ẹni tí ó ti ń fi kámẹ́rà jẹun láti ọdún mẹ́wàá ńkọ́? Àìmọ̀ tirẹ̀ jẹ́ èyí tí ó yàn.

Èyí tí ó tilẹ̀ yani lẹ́nu ni pé iná náà kì í ṣe é lóore. Agbára iná kámẹ́rà kékeré kì í sábà kọjá mítà 3 sí 5. Bí ọ̀nà bá sì di ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ náà ni yóò dé ibẹ̀. Ẹni tí ó dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn kò tan ìmọ́lẹ̀ sí pẹpẹ. Gèlè àwọn ìyá tí ó wà níwájú rẹ̀ ni ó ń tan ìmọ́lẹ̀ sí. Ní ti ipò tí ó ń mú pupa kúrò lójú, nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà, iná a ti kọ mànà ṣáájú kí a tó ya àwòrán, kí ọmọlójú lè sún kì. Nítorí àwòrán kan ṣoṣo, ó di ẹ̀ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ tí a da ìjọ láàmú.

Ní Òru Àjíǹde, nígbà tí a bá gbé àbẹ́là ńlá wọ ilé Ọlọ́run, òkùnkùn tí a dúró sí wà nínú ìsìn náà gan-an. Ẹni tí ó bá tan iná sí i gbà á lọ́wọ́ gbogbo wa, àwòrán tirẹ̀ náà a sì pàdánù rẹ̀: ojú ènìyàn á mọ́lẹ̀ rokoṣo, ẹ̀yìn á dúdú, iná àbẹ́là kò ní já mọ́ nǹkan kan. Ì bá pa iná, kí ó gbé ISO sókè, kí ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti àga kí ọwọ́ má bàa gbọ̀n. Ìmọ́lẹ̀ àbẹ́là ì bá hàn lójú ọmọ rẹ̀.

Kì í ṣe pé mo kórìíra fọ́tò. Lọ́sàn-án gangan, níta, nígbà tí gèlè bá ṣíji bo ojú ìyá ọmọ, ẹ tan iná yín láìbẹ̀rù. Níbẹ̀, ojú ọ̀run tí ó mọ́lẹ̀ a máa tan kámẹ́rà jẹ, kò sì ní tan iná tí a nílò, ojú dúdú tí ó lẹ́wà á sì ṣókùnkùn. Ẹ rí i pé ìdájọ́ ẹ̀rọ kùnà níhà méjèèjì.

Ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 2017, Póòpù Francis kédàárò ní gbàgede Pétérù Mímọ́ pé, nígbà tí àlùfáà ń pè wá láti gbé ọkàn sókè, fóònù ni ọ̀pọ̀ ń gbé sókè. Kò sì yọ àwa àlùfáà àti àwọn bíṣọ́ọ̀bù sílẹ̀.

Mo mọ̀ pé oúnjẹ òòjọ́ ni àwọn oníṣẹ́ fọ́tò ń wá. Kí wọ́n wá bá mi kí agogo Mísà tó lù, a ó fi ibi tí wọn yóò dúró hàn wọ́n, ibi tí ó sún mọ́ pẹpẹ tó tí wọn kò fi ní nílò iná. Lẹ́yìn ìbùkún ìkẹyìn, àwọn ọmọ yóò tò síwájú pẹpẹ pẹ̀lú àwọn òbí wọn, nígbà náà kí wọ́n tan iná bí ó ti wù wọ́n. Ẹni tí kò bá sì mọ ibi tí àmì náà wà lára kámẹ́rà tàbí fóònù rẹ̀, kí ó bi ọmọ rẹ̀ léèrè nílé.