Ahọ́n Tí Ó Wúwo
Ẹ ka Ẹ́kísódù 4:10-16



Mósè kò purọ́ nígbà tí ó sọ fún Ọlọ́run pé ahọ́n òun wúwo. Ọlọ́run pàápàá kò bá a jiyàn lórí ìyẹn. Ó bi í pé ta ni ó dá ẹnu, Ó sì fi Áárónì tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó wà lọ́kàn wa nígbà tí a lọ ṣe àlejò ní ẹgbẹ́ Toastmasters kan ní Ìbàdàn, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń kọ́ ara wọn bí a ti í sọ̀rọ̀ ní gbangba. Ọ̀gbẹ́ni Ralph Smedley ni ó dá a sílẹ̀ ní Kalifóníà ní 1924, fún ọkùnrin nìkan. Ó di 1973 kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún obìnrin. (Kí a má yára bínú sí wọn: ní 1771, Mary Bosanquet ṣì ní láti kọ lẹ́tà sí John Wesley láti gbèjà ìwàásù obìnrin láàárín àwa Mẹ́tọ́díìsì.)

Wọn a pe ènìyàn dìde, wọn a bi í ní ìbéèrè tí kò rí tẹ́lẹ̀. Ìṣẹ́jú kan sí méjì ni ó ní. Bí iná pupa bá tàn, àkókò ti tó. Àwọn ìwàásù kan wà tí iná yẹn ìbá ṣe lóore! Ẹnìkan ń ka iye ìgbà tí a sọ pé "ẹ̀n-ẹ̀n". Ẹlòmíràn a sọ ohun tí ó dára nínú ọ̀rọ̀ náà, lẹ́yìn náà èyí tí a lè tún ṣe. Kò sí ẹni tí ó fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín.

Wọn kì í fi ipá mú àlejò. Síbẹ̀ ọ̀kan nínú wa, tí kò gbàdúrà sókè rí ní ìpàdé, dìde. Wọ́n bi í pé oúnjẹ wo ni yóò sè fún àlejò òjijì. Orúnkún rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó ròyìn àmàlà àti gbẹ̀gìrì títí gbogbo ilé fi rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ará, ẹnu mẹ́ta péré ni a ti ń gbọ́ nínú ìpàdé tiwa. Ọ̀kan ti lọ sinmi lọ́dọ̀ Olúwa, ẹsẹ̀ kò sì jẹ́ kí ìkejì lè jáde mọ́. Ta ni yóò kọ́ àwọn ọmọbìnrin wa?

Nítorí náà, láti ìpàdé tí ń bọ̀, ẹnìkan tí a kò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ rí yóò ní ìṣẹ́jú méjì, arábìnrin kan yóò sì dúró tì í. Ẹni tí kò bá tíì lè ṣe é, kí ó sọ orúkọ rẹ̀ kí ó sì jókòó. A ó pàtẹ́wọ́ fún òun náà.