Nígbà Tí Kò Sí Ojú Tó Ń Wò Wá

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó fi Àbújá ṣe ilé, ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́dún yìí ń tini lójú, ṣùgbọ́n bí a bá tìtorí ìtìjú dákẹ́, ilé wa ni yóò bàjẹ́.

Fíìmù ìhòòhò kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Nígbà kásẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá fẹ́ ẹ yóò wo ọ̀tún, yóò wo òsì, kí ó tó bá alátẹ sọ̀rọ̀. Ìjọba náà dá ìgbìmọ̀ tó ń yẹ fíìmù wò sílẹ̀ lọ́dún 1993. Fóònù GSM dé lọ́dún 2001. Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì wọ inú rẹ̀, àtẹ náà bọ́ sínú àpò ọmọ wa. Lọ́dún 2016, wọ́n dá OnlyFans sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ènìyàn lè ya ara rẹ̀ nínú yàrá, kí olùwòran sanwó, kí ilé-iṣẹ́ náà sì mú ìdá kan nínú márùn-ún.

Àwọn kan ń sọ pé, bí àgbàlagbà bá fínnúfíndọ̀ ṣe é, ta ló pa lára? Ìdáhùn wa ni pé olùwòran kò lè mọ ẹni tó fínnúfíndọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí ebi tì débẹ̀, tàbí ẹni tí ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ gbé àwòrán rẹ̀ síta láìgbàṣẹ. Ọmọ ẹnìkan ni gbogbo wọn.

Òfin wà. Òfin ọdún 2015 lórí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì fi ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 10 de ẹni tó bá ṣe àwòrán ìṣekúṣe ọmọdé. Ṣùgbọ́n òfin kì í sùn nínú yàrá ẹni. Nílé, ojú àwọn àgbà agboolé ń ṣọ́ wa. Níhìn-ín, ìdájí la ń kúrò ní Nyanya àti Kubwa lọ síbi iṣẹ́, alẹ́ la ń dé.

Lọ́jọ́ kan, a gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ wa, a bá a wí gidi. Ó kúnlẹ̀, ó ní: “Dádì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé mo lè rí tiyín náà?” A jágbe mọ́ ọn, ṣùgbọ́n a kò fún un. Òru ọjọ́ náà ni a mọ̀ pé ìtìjú tó ń dúró de ojú ẹlòmíràn kì í ṣe ìwà ọmọlúàbí.

Láti ìgbà náà, pálọ̀ ni gbogbo fóònù ilé wa ń sùn. Tiwa la kọ́kọ́ ń gbé síbẹ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí Ọlọ́run bá wa tọ́ wọn.