Ẹwà Àyálò

Bíbélì kíkà: Aísáyà 53:1-3, Fílípì 2:5-8



Ní ìpàdé wa kan, ìyá kan mú ìwé kan jáde nínú báàgì rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. Abẹ́ ìrọ̀rí ọmọbìnrin rẹ̀ tí ó wà ní yunifásítì ni ó ti rí i. A Court of Thorns and Roses ni orúkọ ìwé náà, Sarah J. Maas, ará Amẹ́ríkà, ni ó kọ ọ́, ó sì jáde ní 2015. Ìtàn ìfẹ́ ni, láàárín omidan kan àti ọ̀kan nínú àwọn iwin. Àwọn kan nínú wa ní kí a dáná sun ún. Ṣùgbọ́n àgbà kan láàárín wa béèrè pé, "Kí ni ọmọ wa ń wá níbẹ̀?" A kò rí èsì fún un. Nítorí náà ni a ṣe kà á.

Feyre ni orúkọ omidan náà. Òun ni ó ń ṣọdẹ nínú òtútù kí bàbá rẹ̀ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì lè rí nǹkan jẹ, ọpẹ́ kò sì pọ̀ lẹ́nu wọn. Nígbà tí ó dé ilẹ̀ àwọn iwin, ó rí ẹni tí ó kíyè sí i pé ó fẹ́ràn láti máa ya àwòrán, tí ó sì wá ọ̀dà fún un.

Ẹ̀yin ìyá, ta ni nínú wa tí kò mọ irú ebi bẹ́ẹ̀? A jí ní ìdájí, a dáná, a gbálẹ̀, a lọ sọ́jà, a dé, kò sí ẹni tí ó bi wá pé, "Ṣé kò rẹ̀ yín?" Ebi kí ẹnìkan rí wa kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ó pa Hágárì ní aginjù, Ọlọ́run sì rí i (Jẹ́nẹ́sísì 16). Bí a bá sun ìwé, a kò tí ì sun ebi.

Oúnjẹ tí a fi ń pa ebi náà ni kí a yẹ̀ wò. Ẹ rántí àlọ́ omidan tí ó kọ gbogbo ọkùnrin ìlú, tí ó wá rí arẹwà àjèjì kan lọ́jà, tí ó sì tẹ̀lé e. Bí wọ́n ti ń wọ inú igbó lọ, arẹwà ń dá ẹ̀yà ara padà fún àwọn tí ó ti yá a: ẹsẹ̀, apá, àyà, títí ó fi ku agbárí nìkan. Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, lo àlọ́ yìí nínú The Palm-Wine Drinkard tí ó jáde ní 1952.

Ìwé ti Maas pàápàá kò ṣàì mọ èyí. Nínú apá kejì, tí ó jáde ní 2016, olólùfẹ́ Feyre tì í mọ́lé, ó ní ààbò ni. Feyre sì kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹnu wa ni ó yẹ kí àwọn ọmọ wa ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ: ìfẹ́ tí ó ń ti ènìyàn mọ́lé kì í ṣe ìfẹ́, ìbáà jẹ́ ti iwin, ìbáà jẹ́ ti ọmọ ìjọ.

Tamlin ni orúkọ ọkùnrin yẹn, inú ìtàn àtijọ́ ilẹ̀ Skọ́tláǹdì ni orúkọ náà sì ti wá. Níbẹ̀, Janet di ẹni tí àwọn iwin jí gbé mú. Ó di ejò mọ́ ọn lọ́wọ́, ó di kìnnìún, ó di irin gbígbóná. Janet kò tú u sílẹ̀ títí ó fi padà di ènìyàn. A kò sọ èyí kí obìnrin kankan má baà sá fún ọkọ tí ó ń lù ú. Àwa ni a ń yí padà bí ejò àti bí iná. Jésù ni ó dì wá mú. Pétérù sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹta, kò sì tú Pétérù sílẹ̀.

Ẹwà àyálò ni arẹwà inú àlọ́ fi mú omidan. Aísáyà ní Olúwa wa kò ní ẹwà tí ojú lè tìtorí rẹ̀ fẹ́ ẹ. Pọ́ọ̀lù ní ògo tirẹ̀ ni ó bọ́ sílẹ̀, tí ó sì wá sí ipò ẹrú nítorí wa. Kò yá ohunkóhun wá fi tàn wá. Ohun tirẹ̀ ni ó ná lé wa lórí.

Kí ni kí a wá ṣe? Àwọn ojú ewé kan wà nínú irú ìwé wọ̀nyí tí kò yẹ fún ọmọdé, nítorí ohun inú yàrá tọkọtaya ni wọ́n ń ṣàpèjúwe. Kí a gbà á lọ́wọ́ èyí tí ó kéré, kí a sì ṣàlàyé fún un láìmú ẹgba. Èyí tí ó ti dàgbà, kí a jókòó tì í, kí a bi í pé ibo ni ó dùn mọ́ ọn jù. Kí a pa àlọ́ tiwa fún un. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: kí ó tó di pé àjèjì béèrè, kí àwa béèrè pé, "Ọmọ mi, ṣé kò rẹ̀ ọ́?"

Ìyá yẹn mú ìwé náà padà lọ sílé. Ó ní òun kò ní dá a padà sábẹ́ ìrọ̀rí. Orí tábìlì oúnjẹ ni òun yóò gbé e sí.

Àdúrà: Olúwa, ìwọ tí ó rí Hágárì, rí àwa àti àwọn ọmọbìnrin wa. Gbà wá lọ́wọ́ ẹwà àyálò. Dì wá mú, má ṣe tú wa sílẹ̀, nítorí Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.