Ẹ Gbà Mí O!

Ọmọbìnrin náà ké "Ẹ gbà mí o!" lẹ́ẹ̀mẹta. Mo kà á. Ìwó Road ni, n'Ìbàdàn, nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Àwọn méjì lórí ọ̀kadà fẹ́ já báàgì rẹ̀ gbà, kò jù ú sílẹ̀, ni èyí tó jókòó sẹ́yìn bá fi ọ̀bẹ ya á lápá. Inú Micra ni mo wà, níwájú, a ń dúró de èrò kan tó kù kí ọkọ̀ kún. Gbogbo wa ń wò. Àwọn tó wà níta tilẹ̀ sàn jù wá lọ, ọwọ́ tiwọn kò dilẹ̀: fóònù ni wọ́n nà sókè.

Ọwọ́ kan ṣoṣo ló kan ọmọ náà, ti ìyá tó ń sun bọ̀ọ̀lì lẹ́bàá títì. Ó ju abẹ̀bẹ̀ tó fi ń fẹ́ iná sílẹ̀, ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi di apá náà gírígírí. Ó ń sọ fún un pé, "Má wò ó, ojú èmi ni kó o máa wò." Ó wá yíjú sí awakọ̀ wa pé kó gbé ọmọ náà dé ọsibítù. Awakọ̀ ní, "Màmá, ta ló máa bá mi dá ọlọ́pàá lóhùn?" Ẹnì kan lẹ́yìn mi ní bójú bá rí, ẹnu a dákẹ́. Awakọ̀ tẹ ọkọ̀. Mi ò sọ̀ kalẹ̀.

Àṣírí ni àwọn àgbà fi òwe yẹn bò. Àwa la sọ ọ́ di bùláńkẹ́ẹ̀tì ojo.

Ẹ̀rù awakọ̀ yẹn kì í ṣe ẹ̀rù òfìfo, mo gbà. Ẹni tó ṣàánú ti sùn sí àgọ́ ọlọ́pàá rí nílẹ̀ yìí, ọsibítù sì ti jẹ́ kí ẹlẹ́jẹ̀ dákú sẹ́nu ọ̀nà nítorí ìwé ọlọ́pàá. Nítorí ẹ̀ ni ìjọba àpapọ̀ ṣe ṣòfin lọ́dún 2017 lórí ẹni tí ìbọn bá bà: kí ọsibítù tọ́jú rẹ̀, ìwé ọlọ́pàá wà, kò sí, kí ẹnikẹ́ni tó bá rí i ràn án lọ́wọ́, kí wọ́n má sì fi ìbéèrè tí kò nídìí da ẹni tó gbé e wá láàmú. Òfin ti sọ tirẹ̀. Àwa ṣì ń béèrè ẹni tó máa dá ọlọ́pàá lóhùn.

Kí n má parọ́ mọ́ ayé àtijọ́ o. Nígbà ogun ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ ló dúró wò nígbà tí wọ́n ń kó ọmọ aládùúgbò lẹ́rú. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nínú ìgbe "ẹ gbà mí" nígbà tí mo wà lọ́mọdé: gbèsè ni lọ́rùn ẹni tó bá gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá ké lóru tí bàbá kan kò ṣílẹ̀kùn, wọ́n á bi í láàárọ̀ pé, "Ṣé ẹ ò sùn sílé lánàá ni?" Ìbéèrè yẹn le ju ẹgba lọ. Ó ṣeé ṣe kí bàbá náà jẹ́ ojo, ṣùgbọ́n ojú a tì í. Lónìí, ẹni tó dúró wò ló máa ń gbé e sórí Facebook fúnra rẹ̀, tayọ̀tayọ̀, kí á lè mọ̀ pé òun wà níbẹ̀.

Àwa la máa ń sọ pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Lọ́dún 1968, àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá méjì ní Amẹ́ríkà, John Darley àti Bibb Latané, gbé ìwádìí kan jáde tó dorí òwe yẹn kodò. Wọ́n fi akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan sí yàrá tirẹ̀, wọ́n jẹ́ kó máa gbọ́ nínú ẹ̀rọ ohùn ẹni tó ń ṣe bí ẹni tí wárápá mú. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà bá rò pé àwọn nìkan ló ń gbọ́, 85 nínú 100 ló sáré wá olùrànlọ́wọ́ kí ohùn náà tó dákẹ́. Nígbà tí wọ́n bá rò pé àwọn mẹ́rin mìíràn tún ń gbọ́, 31 péré. Bí èèyàn ṣe ń pọ̀ sí i ni ìyọ́nú ń fọ́nká, kálukú ń retí ẹnìkejì.

Ìyẹn ṣàlàyé Micra wa. Kò ṣàlàyé Aluu.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 2012, nítòsí Yunifásítì Port Harcourt, wọ́n mú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ní Aluu, wọ́n ní olè ni wọ́n. Wọ́n tú wọn sí ìhòòhò, wọ́n lù wọ́n, wọ́n gbé táyà lé wọn, wọ́n dáná sun wọ́n. Èrò pé jọ. Ẹnì kan ń ká a sílẹ̀. Lọ́dún 2017, ilé ẹjọ́ dájọ́ ikú fún àwọn mẹ́ta. Ọlọ́pàá ni ọ̀kan nínú wọn.

Nítorí náà, ẹ má sọ fún mi pé ọkàn wa ti kú. Èrò kan náà ni. Ọmọkùnrin kan tó mú ọ̀bẹ dání, ọgọ́rùn-ún èèyàn á yà fún un kó kọjá. Bí ọ̀bẹ bá bọ́, tí wọ́n sì de ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ọgọ́rùn-ún náà á di akọni, ìyá arúgbó pàápàá á wá òkúta. A ní ìgboyà. Ẹni tí wọ́n ti dè la ń ná an lé lórí.

Mo padà sí Ìwó Road lọ́sẹ̀ kejì. Ìyá oníbọ̀ọ̀lì wà níbẹ̀, fìlà òtútù ló dé sórí. Mo ra bọ̀ọ̀lì méjì àti ẹ̀pà, mo béèrè bí apá ọmọ yẹn ṣe ń ṣe. Ó ní wọ́n rán an, ó ti ń san. Ó ń fi ìwé ìròyìn wé ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, ló bá gbójú sókè.

"Ṣé ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ni?"

Mo ní rárá, mo kàn gbọ́ ni.