Ọjà Obìnrin àti Àga Ìjọba ní Erékùṣù Èkó

Ọ̀nà Ìkòròdú gba Maryland kọjá lọ sí erékùṣù Èkó. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni àwọn obìnrin ti ń wọ ọkọ̀ níbẹ̀ lọ tajà ní Ìdúmọ̀tà àti Balógun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé irú ọjà bẹ́ẹ̀ ni orísun agbára obìnrin, àti pé ẹni tí ó bá ní ọjà níkàáwọ́ kò nílò àti máa wá àga ìjọba kiri. Òtítọ́ wà nínú èrò yìí, ṣùgbọ́n òtítọ́ náà kò pé.

Ẹfúnróyè Tinúbú ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ẹ̀rí. Òwò rẹ̀ gbilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọba fi ń gbọ́ tirẹ̀. (Kò yẹ kí a fi bò pé ẹrú wà nínú ọjà tí ó tà.) Síbẹ̀, ní 1856, Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, rọ Ọba Dòsùnmú títí wọ́n fi lé e kúrò ní Èkó. Abẹ́òkúta ni ó ti jẹ oyè Ìyálóde ní 1864.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni ti Alímọ́tù Pẹlẹ́wúrà, ẹlẹ́ja ọjà Èrékò, tí ó jẹ́ olórí àwọn obìnrin ọjà Èkó. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ ènìyàn í kó jọ. Ní 1940, ìjọba amúnisìn pàṣẹ pé obìnrin tí owó tí ń wọlé fún un lọ́dún bá ju £50 lọ gbọ́dọ̀ san owó orí. Ní oṣù Disẹ́ńbà ọdún náà, àwọn obìnrin ọjà tú jáde lọ bá àwọn aláṣẹ, ìjọba sì gbé iye náà sókè sí £200. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí Ọ̀gágun Pullen ń fi iye lé gàárì àti oúnjẹ mìíràn, Pẹlẹ́wúrà kò gbà fún un.

Ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa. Òfin 1922 fún ọkùnrin tí owó rẹ̀ tó £100 lọ́dún ní ẹ̀tọ́ láti dìbò ní Èkó. Kò fún obìnrin kankan. Ìyẹn ni pé obìnrin lè lówó tó ẹni tí a ń gba owó orí lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó má sì tó ẹni tí a ń bi léèrè ohun tí a ó fi owó náà ṣe. Gbogbo ipá Pẹlẹ́wúrà, ipá kíkọ̀ ni. Ẹni tí ó lè wí pé "a kò gbà" kò tíì di ẹni tí ó lè wí pé "báyìí ni kí a ṣe é." Kíkọ̀ sì ní iye owó tirẹ̀: bí wọ́n bá ti ọjà pa, ẹja ẹni tí ó ti ọjà ni yóò kọ́kọ́ bàjẹ́.

Oyinkan Abáyọ̀mí rí èyí. Ní 1944 ni ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú obìnrin sílẹ̀, tí ó ń bèèrè ẹ̀tọ́ ìdìbò. Ní 1950, obìnrin dìbò ní Èkó. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà díje fún ìgbìmọ̀ ìlú, wọn kò sì wọlé. Kò yani lẹ́nu. Ọ̀mọ̀wé ni wọ́n. Ẹ̀yìn ẹgbẹ́ Macaulay ni àwọn ọlọ́jà wà. Àwọn kan ní ọjà láìní àga, àwọn kan ń wá àga láìní ọjà.

Erékùṣù mìíràn ti kọjá ibi tí Èkó dúró sí. Ní 1960 ni Sirimavo Bandaranaike di olórí ìjọba Sri Lanka. Láti 1999, obìnrin mẹ́rin ti ṣe igbákejì gómìnà Èkó, láti orí Kofoworola Bucknor-Akerele títí dé Idiat Adebule. Obìnrin kò tíì ṣe gómìnà rí. Adebule fúnra rẹ̀ di sẹ́nétọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Èkó, tí Ìkẹjà àti Agége wà nínú rẹ̀, ní 2023. Ènìyàn kan ni èyí, kì í ṣe ìlànà. Ní oṣù Máàṣì 2022, ilé aṣòfin ní Àbújá kọ àbá pé kí a ya àga sọ́tọ̀ fún obìnrin. Lẹ́yìn ìdìbò náà, àwọn obìnrin kóra jọ sí ẹnu ọ̀nà ilé náà láti fi ẹ̀hónú hàn, gẹ́gẹ́ bí ti 1940, níta.