Bí A Bá Sin Aláàbọ̀ Ara Lọ sí Ilé Ìwòsàn, Ta Ni Ó Ni Ọ̀rọ̀?

Ará wa ọ̀wọ́n, ìwọ tí o ń múra de ọjọ́ ìrìbọmi rẹ, àwọn àgbà a máa sọ pé ọmọ tí a pọ̀n sẹ́yìn kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Òótọ́ ni fún ọmọ ọwọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí a gbé bá jẹ́ àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, òwe náà kò bá a mu. Òun mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ó mọ iye owó tí a san fún ọkọ̀, ó mọ ẹni tí ó pa oko tì nítorí rẹ̀, ó sì gbọ́ ìmí ẹ̀dùn tí a mí nígbà tí a rò pé ó ti sùn.

Nítorí náà ni a fi fẹ́ bá ọ yẹ ìbéèrè kan wò. Bí o bá sin ìyá rẹ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ tí ó jẹ́ aláàbọ̀ ara lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ tí dókítà dá fún un, ta ni ó ni ọ̀rọ̀ níbẹ̀? Ọ̀pọ̀ yóò dáhùn kíákíá pé aláìsàn ni. Síbẹ̀, wo bí a ti ń ṣe. Dókítà béèrè ọ̀rọ̀, àwa ni a ń dáhùn. A tú aṣọ rẹ̀ láì bi í. Wọ́n sọ orúkọ àrùn rẹ̀, etí wa ni wọ́n sọ ọ́ sí, òun sì wà níbẹ̀ bí ẹrù tí a sọ̀ kalẹ̀.

Nínú Ìhìnrere gẹ́gẹ́ bí Márkù ti kọ ọ́, orí kejì, ọkùnrin mẹ́rin gbé arọ kan wá sọ́dọ̀ Jésù. Èrò kò jẹ́ kí wọ́n rí ọ̀nà. Wọ́n dá òrùlé lu, wọ́n sì sọ ọ́ kalẹ̀. Olúwa rí ìgbàgbọ́ wọn, ó sì kà á sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí yóò sọ̀rọ̀, arọ náà ni ó bá sọ̀rọ̀. Ní orí karùn-ún ìwé Jòhánù, ó bá ọkùnrin kan létí adágún omi ní Jerúsálẹ́mù, tí ó ti ń ṣàìsàn fún ọdún 38. Ta ni kò mọ ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń fẹ́? Síbẹ̀ Jésù bi í bóyá ó fẹ́ kí ara òun dá. Ẹni tí ó mọ ohun gbogbo béèrè. Àwa tí a kò mọ̀ ni a kì í béèrè.

Jẹ́ kí a mú àrùn rọpárọsẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó sábà máa ń fà á. Ó lè mú apá kan àti ẹsẹ̀ kan, ó sì lè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ènìyàn láì gba òye rẹ̀. Ẹni tí kò lè pe orúkọ rẹ mọ́ lè gbọ́ gbogbo ohun tí o ń sọ lórí rẹ̀. Bi í ní ìbéèrè tí orí mímì tàbí ìfọwọ́múni lè dáhùn, kí o sì dúró dè é. Ìdúró yìí ni ó ṣòro jù, nítorí èrò pọ̀ lẹ́yìn, dókítà pàápàá sì ń kánjú.

Ọ̀rọ̀ kan wúwo jù èyí lọ. Dókítà béèrè bóyá ìyá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lójoojúmọ́. Oògùn ti tán láti ọ̀sẹ̀ méjì. Owó ni kò sí. Ojú tì ọ́, o dáhùn pé ó ń lò ó. Òfin kẹjọ kọ irọ́ fún wa, ṣùgbọ́n wo ohun tí irọ́ yìí ń ṣe. Dókítà tí ó rí i pé ẹ̀jẹ̀ ṣì ga yóò rò pé oògùn náà kò lágbára tó, yóò sì fi òmíràn kún un. Bí owó bá wá dé tí ẹ ra méjèèjì, ẹ̀jẹ̀ lè lọ sílẹ̀ jù, kí òòyì kọ́ ìyá, kí ó sì ṣubú. Ìtìjú tìrẹ, ara tirẹ̀ ni ó san án. Bí o bá sọ òótọ́, ó ṣeé ṣe kí dókítà mọ oògùn mìíràn tí owó rẹ̀ kéré. Bóyá ìyá gan-an ìbá ti sọ ọ́, bí a bá jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀.

Bí ó bá kọ̀ láti lọ ńkọ́? Bí òye rẹ̀ bá pé, bẹ̀ ẹ́, ṣàlàyé fún un, wá ẹni tí ó fẹ́ràn kí ó bá a sọ̀rọ̀; ṣùgbọ́n má ṣe tàn án pé ọjà ni ẹ ń lọ. Wádìí ohun tí ń bà á lẹ́rù. Nígbà mìíràn kì í ṣe ìwòsàn ni ó kọ̀, bí kò ṣe pé ẹni tí kò mọ̀ ni yóò gbé e gun zemidjan, tàbí pé kò lè wọ ilé ìyàgbẹ́ tí ó wà níbẹ̀. Bí òye bá ti lọ ní tòótọ́, nígbà náà ni ẹ̀yin ẹbí yóò yàn fún un. Ohun tí òun ìbá yàn ni kí ẹ wá, kì í ṣe èyí tí ó rọ̀ yín lọ́rùn.

Nípa ti ara rẹ, bí ọjọ́ ilé ìwòsàn bá bọ́ sí ọjọ́ ẹ̀kọ́, lọ sí ilé ìwòsàn, kí o sì ránṣẹ́ sí katikísì. Katikísímù ti Ìjọ Kátólíìkì, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1992, ka àìsàn àti ìtọ́jú ọmọ ọwọ́ mọ́ ìdí pàtàkì tí Kristẹni kò fi lè wá sí Mísà ọjọ́ Àìkú; ìtọ́jú ẹni tí kò lè dá dìde kò jìnnà sí èyí. Rántí pẹ̀lú pé mẹ́rin ni àwọn tí ó gbé arọ nì. Nínú ẹbí wa, ọmọbìnrin tí kò tíì lọ sílé ọkọ ni a sábà máa ń dá ẹrù náà lé lórí, èyí kò sì tọ́. Bí ó bá rẹ̀ ọ́, sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ. Àárẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Àwọn kan ń sá fún sákírámẹ́ńtì ìfòróróyàn, wọ́n rò pé ẹni tí ń kú lọ nìkan ni ó wà fún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí àrùn rẹ̀ wúwo lè gbà á, bí àrùn náà bá sì tún le sí i, ó lè tún un gbà. Láti ọdún 1993 ni Ìjọ ti ń ṣe Ọjọ́ Àwọn Aláìsàn Lágbàáyé ní ọjọ́ 11 oṣù Èrèlé, àwọn àlùfáà púpọ̀ sì máa ń fi òróró yan àwọn aláìsàn lọ́jọ́ náà. Bí ẹni tí o ń tọ́jú bá ti gba ìrìbọmi, bi í bóyá ó fẹ́. Bí ó bá fẹ́, lọ rí àlùfáà ṣáájú, kí o sì sọ fún un bí àtẹ̀gùn ilé ìjọsìn bá ga jù fún un.