Ọkọ̀ Dọwọ́ Rẹ, Kọ́kọ́rọ́ Ṣì Wà Lọ́wọ́ Ọlọ́jà

Ẹni tó bá fẹ́ ra tòkúnbọ̀ ní Adankolo, ládùúgbò tí Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti Lokoja ti bẹ̀rẹ̀, mẹkáníìkì ló máa kọ́kọ́ pè. Ìyẹn á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì, á fìka yẹ ọ́ìlì wò, á nà gbalaja sílẹ̀ wo abẹ́ bóyá gíá ń jò. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ohun tó bá oníbàárà kan l'Amẹ́ríkà, mẹkáníìkì kankan ò lè fojú rí i.

Nígbà tí ọdún 2019 ń parí lọ, oníṣòwò kan ra Tesla Model S àlòkù ní gbàǹjo lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Tesla fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń bá awakọ̀ darí ọkọ̀ wà nínú rẹ̀; ìwé ara ọkọ̀ náà ní dọ́là 8,000 lowó ẹ̀rọ yìí. Bó ṣe ra ọkọ̀ náà ló ṣe tà á. Kò pẹ́ tí ẹni tó rà á lọ́wọ́ rẹ̀ wá ẹ̀rọ náà tì. Olè kọ́, wáyà kan ò sì já: láti ọ́fíìsì wọn ni Tesla ti pa á. Nígbà tó béèrè, wọ́n ní kò sanwó rẹ̀. Ìgbà tí ìròyìn gbòde kan ní Oṣù Kejì 2020 ni wọ́n tó dá a padà, wọ́n ní àwọn ò gbọ́ra àwọn yé ni.

BMW náà ń gba pọ́n-ùn 15 lóṣù ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2022 kí ìjókòó ọkọ̀ tó gbóná. (Nínú ooru Lokoja yìí, ta ní máa sanwó kí ìdí rẹ̀ gbóná?) Aráyé pariwo, wọ́n jáwọ́ lọ́dún 2023. Owó dẹ̀kódà tẹlifíṣọ̀n tí à ń san lóṣooṣù yé wa, torí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi àwòrán ránṣẹ́ látòkè. Ìjókòó ńkọ́? Inú ọkọ̀ ni gbogbo ohun tó ń mú un gbóná wà, ó sì ti wà lára owó tá a fi ra ọkọ̀.

Toyota tó pọ̀ lọ́wọ́ wa náà ò yọ sílẹ̀. Lọ́dún 2021, nínú àwọn kan, bí ọdún ọ̀fẹ́ bá ti pé, kọ́kọ́rọ́ kì í tan ẹ́ńjìnnì látòkèèrè mọ́, àfi kéèyàn máa san dọ́là 8 lóṣù.

Nítorí náà, bí ẹni tó ń ta ọkọ̀ bá ń nàka sí bọ́tìnnì SOS tí wọ́n fi ń pe ìrànlọ́wọ́ lókè orí awakọ̀, tó ń tìtorí ẹ̀ fowó lé owó, ẹ ní kó tẹ̀ ẹ́ lójú yín, ká mọ ẹni tó máa dáhùn.